Ṣebí Ó Lè Fò

Bí ọmọ mi bá ti ṣí ìwé tuntun, tí íǹkì ń rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á gbóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ilé ìtẹ̀wé bàbá mi ní Ṣómólú, mo ń to ojú ìwé ìtàn ọmọbìnrin kan tó ní ìyẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ wọlé.

“Ṣó dùn? Sọ òótọ́.”

“Ó dùn, sà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ká a mọ́lé, kí ló dé tó ń retí ọmọkùnrin kó wá gbé e? Ṣebí ó lè fò.”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Ìwọ ọmọ àná yìí lo fẹ́ kọ́ mi níwèé kíkọ?”

Bàbá mi gbá mi létí. “Kúnlẹ̀, bẹ̀ wọ́n!”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìbò ti parí, kò sẹ́ni tó ń tẹ pósítà mọ́, iṣẹ́ ọkùnrin yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ bàbá mi nígbà náà.

Mo kúnlẹ̀, íǹkì ọwọ́ bàbá mi ń rùn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.