Ọwọ́ Tó Na Búrẹ́dì Náà

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gígé fíìmù ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún mi, tí wọ́n yà nígbà tó ń lọ sóko, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹni tó wo eré náà rò pé ilé ló ń padà sí. Ọ̀gá mi a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹni tó bá gba ọ̀tún àwòrán jáde, bó bá gba òsì wọlé, ọ̀nà rẹ̀ ló ń bá lọ. Bó bá gba ọ̀tún kan náà wọlé, ó ti ń darí bọ̀ nìyẹn." Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń ya eré kan ní Ajégúnlẹ̀. Ìyá kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ló ṣe ìyá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣe ọmọ. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni ọmọ náà ń ṣe ní etí omi ní Kirikírí, òun náà ló ń ṣe nínú eré. Ìtàn ibẹ̀ kò gùn: ọmọ jáde láàárọ̀, ìyá jókòó dè é, ọmọ mú búrẹ́dì bọ̀ nírọ̀lẹ́.

A kọ́kọ́ ya àlọ rẹ̀. Láti òsì sí ọ̀tún ló ń rìn, láti ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àwọn ilé ẹrù Creek Road, títí dé ibùdókọ̀ Coconut, níbi tó ti fi ọwọ́ ọ̀tún na búrẹ́dì kan sí mẹkáníìkì kan. Nígbà kan tó ṣèèṣì kọrí sí òsì, olùdarí eré wa pariwo mọ́ ọn:

"Ọ̀tún ni mo ní! Àbí o ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni?"

"Ha, bọ̀ọ̀dá, ẹ bi màmá mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ẹgba ni wọ́n fi lé òsì náà lọ."

Ìyá rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wá fún wa, dá a lóhùn: "Ṣé kí o máa fi òsì na nǹkan sí àgbà káàkiri ni? Gbẹ́nu dákẹ́ jàre, kí wọ́n yà ọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ku àbọ̀ rẹ̀ tí a ò tíì yà.

Kí a tó padà sí i, kọntéénà kan já bọ́ lórí tírélà lójú títì, ó sì wó lé ọmọ náà. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Bí àṣà ti wí, wọn ò jẹ́ kí ìyá dé ibi ìsìnkú, wọn ò sì fi ojú oórì hàn án. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ.

Nígbà tí ìyá náà gbọ́ pé olùdarí fẹ́ pa eré náà tì, ó wá bá wa.

"Ó jáde lójú mi," ó ní. "N ò rí i kó wọlé, n ò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ẹ bá mi mú un wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kò sí àwòrán ibi tó ti ń bọ̀ wálé. Olùdarí bá ní, ṣebí a lè yí èyí tó wà sódì lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń wo dígí. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀tún á di ẹni tó ń bọ̀ wá sí òsì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Mo mú ibi tó ti na búrẹ́dì, mo gé mẹkáníìkì kúrò, mo yí i. Lẹ́tà ló máa ń tú àṣírí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá wà lára ògiri tàbí lára aṣọ, á kọ ara rẹ̀ sódì. A wá lẹ́tà títí, a ò rí kankan. Ọkàn wa balẹ̀.

Lẹ́yìn náà a ya ìyá. Ó bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀, ó wọ ańkárá tó wọ̀ nígbà àlọ ọmọ, kí ọjọ́ méjèèjì lè jọ ọjọ́ kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí ọ̀tún, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ olùdarí tí kámẹ́rà ò rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ rẹ̀ yọ láti apá ọ̀tún.

"Káàbọ̀," ó sọ fún tẹlifíṣọ̀n. "Káàbọ̀, ọkọ mi."

Ọmọ ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó na búrẹ́dì. Ìyá fà sẹ́yìn.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Èmi àti olùdarí tẹjú mọ́ àwòrán: ọwọ́ òsì ni.

"Màmá, kámẹ́rà ló ṣe é," olùdarí ní. "Àwọn òǹwòran ò ní mọ̀."

"Òǹwòran kọ́ ló bí i. Mo fi ẹgba gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ṣé ọ̀run ló ti lọ gbà á padà ni?"

Ó yíjú sí mi. "Ṣé o lè dá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ padà?"

"Mo lè dá a padà, mà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá padà, ẹsẹ̀ náà á padà. Á tún máa lọ ni. Kò ní wọlé."

Ó di etí ìró rẹ̀ mú, ó ń lọ́ ọ.

"Dá a padà."

Mo dá a padà. Mo yọ ibi tí ìyá ti gba búrẹ́dì, ó ku ojú rẹ̀ nìkan. Ọmọ ń lọ sí ọ̀tún. Ìyá ń wo ọ̀tún. Bí mo ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara, ẹni tó jókòó de ọmọ wá di ẹni tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bí eré náà ṣe parí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, èwo lẹ̀ bá mú: ọmọ tó fi ọwọ́ òsì wọlé, àbí èyí tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lọ?