Bàbá Kan Ṣoṣo Tó Ni Gbogbo Oko

Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó ń jókòó ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọbìnrin kankan ní abúlé Kara-Jigach. Bó bá ti dé ilé ọkọ, ẹnu rẹ̀ á mọ ibi tó yẹ kó dúró. Nurzada náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò rò ni pé fóònù kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo làálàá rẹ̀ jẹ́.

Ọkọ rẹ̀ wà ní Rọ́ṣíà, níbi tó ti ń bá àwọn olówó kọ́lé. Òun àti àwọn òbí ọkọ rẹ̀ ló jọ ń gbin ẹ̀wà. Láti Mọ́ńdè títí di ọjọ́ Jímọ̀, màlúù ni, ẹ̀wà ni, búrẹ́dì ni, tíì àwọn àlejò tí kì í tán ni. Bó bá di Sátidé, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Talas, sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà kọjá sísọ. Lọ́jọ́ tí ètò tó kọ bá ṣiṣẹ́, òun nìkan á máa rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì títí dé ilé.

Saadat, ìyá ọkọ rẹ̀, kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé kọ̀ǹpútà yẹn máa ń ní wàrà ni?"

"Rárá, Màmá."

"Mo ṣe bí ó ní in ni, tó o fi ń tìtorí ẹ̀ fi màlúù mi sílẹ̀."

Lọ́dún tó yẹ kó parí, olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Eldiyar, ní ẹni tó bá fẹ́ gbàwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ṣe ètò tí àwọn èèyàn gidi á máa lò. Nurzada ò ronú jìnnà. Kòtò kan ṣoṣo ló ń gbé omi orí òkè wọ inú oko àwọn ará abúlé, oko kan lẹ́yìn òmíràn. Toktosun tó ń pín omi á gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ káàkiri, á máa pariwo pé ó ti kan lágbájá. Ẹni tó bá sùn lọ, omi rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá jí omi, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nurzada wá ṣe ètò orí fóònù tí á máa sọ fún olóko kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kàn án.

Ní àárọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, gbogbo fóònù abúlé ló dún pa pọ̀: ó ti kàn yín, ẹ lọ ṣí omi. Àwọn ìyàwó ilé ki ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, ó di etí kòtò. Gbogbo wọn ṣí omi lẹ́ẹ̀kan náà, omi fọ́nká, kò sì rin oko ẹnì kankan dáadáa.

"Èmi ló kàn!"

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé fóònù ẹlòmíì ni mò ń wò lọ́wọ́ mi yìí ni?"

Wọ́n ti ara wọn sínú ẹrẹ̀. Toktosun sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí koríko, ó ń wòran.

Ojú ti Saadat láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Gbọ́ o. Àwọn olùdánwò yín ń bọ̀ wá wò ó nígbà tí omi bá tún yípo dé. Bó bá tún rí báyìí, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn. Bàbá ọkọ ẹ pàápàá ò ní lè bá ẹ bẹ̀ mí."

Nurzada sunkún nídìí màlúù. Nígbà tó di Sátidé, òun àti Eldiyar jọ yẹ iṣẹ́ náà wò láti orí dé ìdí, wọn ò rí àléébù. Eldiyar wá ní kó ṣí ohun tí àwọn èèyàn kọ síbi tí ètò ti bi wọ́n pé ta ló ni oko. Bàbá. Bàbá. Bàbá. Bó ṣe lọ títí dé ìsàlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkọ wà ní Rọ́ṣíà, àwọn àgbà ń da ẹran lórí òkè, ọwọ́ àwọn ìyàwó ni fóònù wà. Ìyàwó wo ló fẹ́ tẹ orúkọ bàbá ọkọ ẹ̀? Fóònù ka gbogbo wọn sí bàbá kan ṣoṣo tó ni gbogbo oko, ó sì pè é síṣẹ́ bó ṣe yẹ.

"Kí ni ìwọ fúnra ẹ tẹ̀ nígbà tí ò ń dán an wò?"

Nurzada fọwọ́ bojú. "Bàbá ni, sà."

Eldiyar rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? 'Bàbá' nìyàwó tèmi náà fi bàbá mi pamọ́ sí nínú fóònù ẹ̀. Ṣé o máa wá ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ni?"

"Wọn ò ní kọ ọ́, sà. Èmi náà ò ní kọ ọ́. Fóònù la máa kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ó fẹsẹ̀ rin kòtò náà já, ó ń sọ ibi tí omi ti ń wọ oko kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, abẹ́ igi pópílà, ẹ̀gbẹ́ katakata tó kú. Láti ọjọ́ náà, ètò rẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ni bàbá ẹ. Ibi tí omi ń gbà wọlé ló ń béèrè.

Ọjọ́ pé. Àwọn olùdánwò dúró sétí kòtò, Saadat náà káwọ́ gbera. Fóònù kan dún, ọ̀kan péré. Obìnrin kan lọ ṣí omi, ó bu tirẹ̀, ó tì í. Ìgbà náà ni òmíràn tó dún. Omi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láti oko dé oko, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Batma, opó tí oko rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé àjẹkù omi ló máa ń kàn án. Nígbà tí omi tútù ya wọ inú ẹ̀wà rẹ̀, Batma ju ṣọ́bìrì nù, ó hó yèè, ó sì ń jó nínú ẹrẹ̀. Orí Nurzada wú. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi ti gba ìsinmi," ni Toktosun wí.

Àgbà nínú àwọn olùdánwò, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le bíi ti adájọ́, bọ Nurzada lọ́wọ́. "O ti yege. Bó bá wù ọ́, àyè wà fún ọ ní kíláàsì tó ga jù, ọjọ́ Sátidé náà ni."

Gbogbo èèyàn yíjú sí Saadat. Nurzada ń wo ilẹ̀.

"Ìyàwó mi ń lọ, a ò tún sọ ìyẹn mọ́," ni Saadat dáhùn. "Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyí: mo ní ọmọbìnrin kan nílé tí wọn ò tíì fẹ́. Ìgbà wo lẹ máa gba òun náà?"