Ojú Ìwé Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mi ò lẹ́bi kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé iṣẹ́ ìròyìn kékeré kan la jọ wà, ní òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táìlì ilẹ̀, lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù. A kì í tẹ ìwé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan la ń gbé ìròyìn sí: títì tó bàjẹ́, iná tí wọn ò mú wá, ẹni tó sọnù, ẹni tó kú. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló dá a sílẹ̀; Mà ni gbogbo wa ń pè é. Ọkùnrin tí mò ń wí ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníròyìn fi ń gbé iṣẹ́ wọn jáde. Òun nìkan ló mọ inú rẹ̀, ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí ayé. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ kí n máa ràn án lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé obìnrin ni wọ́n wá rí?"

Ìkànnì náà lọ́ra. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó lè lọ bu omi mu kó tó ṣí. Bí Mà bá bínú, ọkùnrin náà á ní nẹ́tíwọ̀kì ni, tàbí pé ẹ̀rọ tí a háyà láti gbé ìkànnì náà sí ti kéré jù. Mà háyà èyí tó tóbi sí i. Kò sí ìyàtọ̀.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí ètò náà ń bá dátábéèsì sọ, ìyẹn àká tí gbogbo ìròyìn wa wà. Ogójì àkọlé ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ètò náà á kọ́kọ́ lọ béèrè àwọn àkọlé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, fún àkọlé kọ̀ọ̀kan, á tún padà lọ béèrè ta ló kọ ọ́. Á tún lọ béèrè abala tó wà. Á tún lọ béèrè èèyàn mélòó ló fèsì. Ìbéèrè tó lé ní ọgọ́fà, nítorí ojú ìwé kan, fún ẹnì kan! Bí ẹni tó ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ Akówonjo ra ata, tó gbé e wálé, tó tún wá padà lọ tìtorí alùbọ́sà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a bá tò dáadáa lè kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó tún burú ni pé kò ṣe atọ́ka kankan, irú èyí tó ń wà lẹ́yìn ìwé, sínú àká náà. Tó bá ń wá èsì òǹkàwé, ńṣe ló ń tú gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tún un kọ sórí kọ̀ǹpútà tèmi. Mo wá pè é kó wá wò ó, níwájú gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ kójú tì í ni, kí n má purọ́.

Ojú ìwé náà ṣí wàì. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń ka àkọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ìròyìn ọjà Ìkòtún tí a gbé jáde láàárọ̀ dà?"

Mo wá a, mi ò rí i. Ìròyìn tí wọn ò bá ti kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí, ìbéèrè mi ò kó o mọ́ àwọn yòókù. Mẹ́fà ló sọnù bẹ́ẹ̀.

"Màdáámù Kíákíá," ó ní, gbogbo ọ́fíìsì sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó yára o, àmọ́ ó ń ju ẹrù sílẹ̀ lọ́nà. Má fọwọ́ kan iṣẹ́ mi mọ́, ṣó o gbọ́?"

Mo tún ibẹ̀ ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Ó kọ̀, kò wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti pa páswọ́ọ̀dù dà, ó sì ti sọ fún Mà pé mo fẹ́ ba ìkànnì jẹ́. Wọ́n gbé tábìlì mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n máa tẹ ìkéde òkú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń kọjá, á ní, "Màdáámù Kíákíá, ta ló kú lónìí?" Nínú ikùn mi ni mo ti ń ṣépè fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní apá Ìgándò. Oníròyìn wa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fà yọ, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé kálukú lọ, a sì gbé e jáde. Kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, gbogbo àdúgbò ti ń ṣí ìkànnì wa. Ìkànnì náà kú fin-ín-fin-ín.

Obìnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn wọlé, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, torí èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, wọ́n ní orúkọ wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń yí, kò ṣí. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Mo ti wá a dé ilé ìwòsàn mẹ́ta."

Mo mú bébà tí oníròyìn kọ orúkọ sí, mo kà á fún un. Orúkọ kẹsàn-án ni ọkọ rẹ̀. Ìkòtún ni wọ́n gbé e lọ, ẹsẹ̀ ló kán. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó dìde, ó sáré jáde.

Mà ti dúró lẹ́nu yàrá rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Kí ló dé tí kò fi ṣí?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Mà. Èrò ti pọ̀ jù."

"Irọ́ ni, Mà," mo ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó mọ̀. Mo ti fi hàn án."

Ọkùnrin náà jù mí lọ dáadáa; títí di ọjọ́ yẹn, "wọn" ni mo máa ń lò fún un. Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

"Èmi lò ń bú bẹ́ẹ̀? Ìwọ tó ò ń tẹ òkú?"

"Fún un ní páswọ́ọ̀dù," Mà ní.

"Mà, tó bá tún ju ìròyìn nù ńkọ́?"

"Ìròyìn wo ló kù tó máa jù nù? Mo ní kó o fún un."

Kò fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó fi ara bò ó kí n má baà rí i, ó wá dìde, ó ti àga sẹ́yìn débi tó fi ṣubú. Mo gbé àga náà nílẹ̀, mo jókòó. Mo ṣe atọ́ka. Mo fi ìbéèrè tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Mo ka àkọlé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e jáde, torí ẹ̀rín ọjọ́ sí ò tíì kúrò létí mi. Nígbà tí mo parí, ojú ìwé náà ṣí lórí fóònù gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

"Ohun tí mo ti ń sọ tipẹ́ nìyẹn," ni ọkùnrin náà wí.

Nípàdé ọjọ́ Ajé, Mà dúpẹ́ lọ́wọ́ "ẹ̀yin méjèèjì". Ọkùnrin náà tẹ́wọ́ gba ọpẹ́ náà, ó tún fi kún un pé òun ló kọ́ mi. A ò kí ara wa mọ́ títí tó fi kúrò níbẹ̀ lọ́dún kejì.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo rí i lórí ìlà nínú báǹkì kan ní Akówonjo. Ó ti hewú.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ó ní. Ó fi "ẹ" sí i.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ó dúró, ó ń retí kí n béèrè ìyàwó, kí n béèrè ọmọ, bí ọmọ Yorùbá ṣe ń ṣe. Mi ò béèrè. Ìlà sún, mo sún.