Omi Ọ̀pẹ̀yìnbó Alhaja Ràhámọ̀tù

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ èèwọ̀ ju ẹni tó ṣòfin lọ, ẹ yà sí àdúgbò Chatham ní Chicago, kí ẹ béèrè Alhaja Ràhámọ̀tù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú náà, kò sì tíì fi súìtì kan sẹ́nu rí láì kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára bébà rẹ̀. Ní àsàlátù ọjọ́ Sunday, òun ló ń yẹ abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá wò. Obìnrin tó bá gbé kéèkì wá á ti máa gbọ̀n kó tó ṣí i.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń pèsè ohun mímu. Á rẹ èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, atalẹ̀ àti ṣúgà sínú kẹ́ẹ̀gì, á dé e pinpin, á gbé e ti ẹ̀rọ amúlégbóná nísàlẹ̀ ilé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Gbogbo àwọn ìyá ló ń yìn ín. Wọ́n ní ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń mú ara yá gágá.

Kí ló wá gbé irú obìnrin yìí débi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì? Yamaris ni, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń gba shift rẹ̀ ṣe nínú Ramadan. Ó ń fẹ̀yìntì, ibẹ̀ ló sì ní òun ti fẹ́ ṣàríyá. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Alhaja wé hijab, ó gbé ike omi tirẹ̀ dání, ó ní ojú lásán lòun fẹ́ fi wò ó.

Gabriel, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń ṣe wáìnì náà, mú wọn yí àwọn àgbá po, ó sì fi èso àjàrà tí wọ́n tẹ̀ tèèpotèèpo hàn wọ́n. Alhaja nawọ́ sókè.

"Ọtí tí ẹ ń dà sí i, ibo lẹ ti ń rà á?"

Gabriel rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń da ọtí sí i. Ìwúkàrà tó ń gbé ara èèpo ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á máa hó, á sì sọ ọ́ dọtí fúnra rẹ̀.

"Àjàrà nìkan ni?"

"Èso tó bá wù yín. Kódà, ọ̀pẹ̀yìnbó."

Alhaja gbé ike omi rẹ̀ sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ èèpo nìkan ńkọ́? Pẹ̀lú ṣúgà?"

"Tí ibẹ̀ bá móoru, ọjọ́ mẹ́ta ti tó kó bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ mẹ́jọ, ó ti dọtí."

Yamaris gbá a lẹ́yìn, ó rò pé ẹ̀kọ́ náà ló dùn mọ́ ọn. Ojú ń ti Alhaja débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó rántí bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń pariwo "fààà" tó bá ṣí i, tòun ti bismillah. Ó rántí Ìyá Daud, tó máa ń sunkún sí wáàsí lẹ́yìn ife kejì, tí gbogbo wọn sì ń pè é ní olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ló sì wà nílẹ̀ de àsàlátù ọ̀la. Ó lè dà wọ́n nù ní jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Tó bá jẹ́wọ́, ojú wo ni yóò tún fi yẹ abọ́ ẹlòmíì wò?

Ó jáde síta, ó fi fóònù pe Salihat, akọ̀wé àsàlátù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní chemistry níléèwé kan ní Flossmoor.

"Salihat, omi ọ̀pẹ̀yìnbó mi yẹn, ọtí ni o."

"Ẹ̀gbọ́n, I know. Since last year. Ìdí tí mo ṣe máa ń gbé juice fún àwọn ọmọdé nìyẹn."

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ má bínú, ma. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Èyí dun Alhaja ju ọ̀rọ̀ ọtí lọ.

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn lọ́la," ó ní. "Kí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, sọ fún mi pé kí n jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n, are you sure?"

"Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni!" Alhaja jágbe.

"Ẹ jókòó, ma," ni Salihat wí.

Alhaja wò yíká, ó rí pèpéle kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ jókòó.