Búlúù Lára Igi Kòkó

Bàbá Fàúsát, ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo ń sọ tàwa méjèèjì. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn ni olè ti ń ká kòkó wọn ní Àgídìngbì. Wọ́n so ààlè, àkísà pupa pẹ̀lú ìkarahun ìgbín, síbẹ̀ olè ń ká a. Olè ayé yìí ò ka ààlè sí mọ́!

Lọ́dún 1954, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú dé, ó ń ràn láti igi dé igi. Ọkọ mi já gbogbo èyí tó ti jẹrà, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì fọ́n oògùn aláwọ̀ búlúù sára ìyókù. Àrùn dúró. Olè náà dúró! Àwọn aládùúgbò ní májèlé tó ń pa olè ni. Ọkọ mi gbọ́, wọn ò jiyàn.

Nígbà tí òjò lọ, tí a ò fọ́n oògùn mọ́, búlúù tí mo fi ń fọ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Mo tọ ọkọ mi lẹ́yìn dé oko, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ ta búlúù mi sára igi. Mo pariwo títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ọjà Agége, búlúù méjì ni mo ń rà: ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún olè.