Àga Ẹ̀bá Fèrèsé àti Ìwé Àṣírí Ẹ̀gbọ́n Onísúùtù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó wà lórí Ẹ̀gbọ́n Onísúùtù, bí a bá pín in fún ènìyàn mẹ́wàá, kálukú á ṣì rí èyí tó máa fi rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ téélọ̀. Lójú ẹ̀, “ẹ” ni mo ń pè é, mi ò sì jẹ́ fèsì burúkú fún un ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, “ó” ni n óò máa lò, torí inú ṣì ń bí mi sí i.

Yàrá kan náà ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́, lókè ilé ìtàwé kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti Ẹ̀gbọ́n, ti Oníṣòkòtò, àti tèmi tí mo ń rán aṣọ ilé ìwé. Tábìlì ìlọṣọ wà létí ilẹ̀kùn, Bàbá Alọṣọ ló ni ín. Màdáámú tó ni ṣọ́ọ̀bù ní yàrá tiwọn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo yàrá náà. Iná wà lájà o, ṣùgbọ́n ṣíṣẹ́jú ló máa ń ṣẹ́jú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó bá sì jẹ́ aṣọ dúdú lò ń rán, ọwọ́ ni wàá fi máa wá ojú ibi tí o rán dé. Ẹni tó bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé nìkan ló ń rí ohun tó ń ṣe.

A ti bá ara wa jà sí àga yẹn títí Màdáámú fi ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ariwo mọ́, ká lọ wá bí a ṣe máa yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Bọ́ọ̀lù la fi yanjú ẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, a ó jókòó, a ó pín àwọn agbábọ́ọ̀lù inú líìgì láàárín ara wa, mọ́kànlá mọ́kànlá. Bí mo bá ti ní “tèmi ni lágbájá,” kò sẹ́ni tó tún lè mú un títí sáà á fi parí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí agbábọ́ọ̀lù mi bá gbá góòlù wọlé, tó bá fún ẹlòmíràn gbá, tàbí tí aṣọ́lé mi ò jẹ́ kí wọ́n gbá ẹyọ kan wọlé, póìntì ń wọlé fún mi. Bàbá Alọṣọ á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tí póìntì ẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa gba àga fún ọdún kan gbáko. Bàbá Alọṣọ náà ń bá wa ṣe é. Kò nílò fèrèsé fún nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ràn kó máa wò wá bí a ṣe ń ta pọ́ún-pọ́ún ni.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo gbà á. Mo gbádùn ẹ̀ débi pé mo ń kọrin sábẹ́ imú wọn.

Ní gbogbo ìgbà tí mò ń kọrin yẹn, ojú Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣú. Èmi nìkan ni mo mọ̀, òun náà ò sì mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ti rí i tó mú òwú aró pé dúdú ni. Mo ti rí i tó ń fi àtàǹpàkò ka ìlà orí téèpù bí ẹni ń wá ẹ̀gún. Ẹ máa sọ pé kí ló dé tí kò lọ ra awò ojú. Bàbá Alọṣọ ló dé. Bàbá yẹn ni onísúùtù wa tẹ́lẹ̀, kọ́là tó bá rán kì í wọ́. Lọ́jọ́ tó gbé awò sójú wọlé, Màdáámú dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ló jókòó sí ipò ẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mọ́kànlá báyìí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀. Bó bá rí àga ẹ̀bá fèrèsé gbà, á lè fi ìmọ́lẹ̀ bo ojú ara ẹ̀ láṣìírí fún ọdún kan sí i. Bí kò bá rí i gbà, kọ́là kan á wọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn méjì á sì wà lórí tábìlì áyọ́ọ̀nù.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra nìyẹn. Àwa máa ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù Oníṣòkòtò lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n kì í wò. Ó ní ìwòkuwò ni, kí àgbàlagbà tẹjú mọ́ ohun tó tó àtẹ́lẹwọ́. Rédíò ló ń gbọ́, ó ki wáyà ẹ̀ bọ etí kan, tìmùtìmù abẹ́rẹ́ sì wà níwájú ẹ̀. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá ti pe orúkọ kan, á gún píìnì kan sí i. Olórí pupa fún ẹnì kan, olórí búlúù fún òmíràn. A rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Àṣé ètò ìjọba ló ń tò. Ìgbàgbọ́ ẹ̀ ni pé ojú máa ń tan èèyàn jẹ nídìí bọ́ọ̀lù, pé ẹni tó ga, tó rẹwà, tó gẹ irun ni wọ́n máa ń wò. Ṣùgbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò ní pe orúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ẹni tí píìnì ẹ̀ pọ̀ jù ni ọmọ kan tí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó kà á sí. Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì la wá ń pè é. Ẹgbẹ́ kékeré kan ló ń gbá fún, ẹgbẹ́ tí wọn kì í fi hàn lórí fóònù. Òun ló ń gbá gbogbo pẹnáritì wọn, òun ló ń gbá kọ́nà, òun ló ń gbá fíríkíìkì.

Ó ku bí a ṣe máa tò. Bọ́tìnnì mẹ́rin la máa ń kó sínú agolo: ẹni tó mú dúdú ló máa kọ́kọ́ yàn, ẹni tó mú funfun ló máa kẹ́yìn. Kálukú ló ń gbàdúrà dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn, ṣe ló máa mú agbábọ́ọ̀lù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ká tó máa padà bọ̀. Méjì yẹn ni Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́. Ó ní òun ń kánjú, òun lóun máa kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ agolo. Ọwọ́ ẹ̀ pẹ́ nínú ẹ̀ díẹ̀. Funfun ló mú jáde, ó káàánú ara ẹ̀ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó pẹ́ kí n tó ronú kàn án pé bọ́tìnnì funfun yẹn, ihò méjì ló ní, àwọn tó kù jẹ́ oníhò mẹ́rin. Ìka téélọ̀ ò nílò ojú. Èmi ni mo mú dúdú, mo sì ń jó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí a máa pín wọn, oníbàárà kan tí kò lè gun àtẹ̀gùn ní kí Ẹ̀gbọ́n wá wọn òun nísàlẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, Oníṣòkòtò lọ ń wá pépà tí yóò fi gé pátánù. Ó tọwọ́ bọ inú súùtù kan tí Ẹ̀gbọ́n gbé kọ́, ó sì fa pépà kan jáde tí wọ́n ká sí mẹ́jọ. Ó tú u. Àwa náà sún mọ́ ọn.

Ìwé àṣírí Ẹ̀gbọ́n ni. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá, láti orí ẹni tó fẹ́ jù dé orí ẹni tó kẹ́yìn, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà! Ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ì bá kà á láìsún mọ́ ọn. Pátákó tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún onímọ́tò lójú títì ò ní lẹ́tà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oníṣòkòtò rẹ́rìn-ín, ó ní: “Tàkúté ni. Ta ló máa ń kọ àṣírí báyìí gàdàgbà?”

Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n fi odindi òwúrọ̀ kan kẹ́dùn pé atamátàsé kan ti kán lẹ́sẹ̀, ó ń mi kanlẹ̀, kò jẹun. Oníṣòkòtò káàánú, ó fi atamátàsé náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú un. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó kán yẹn gbá góòlù mọ́kàndínlógún wọlé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Oníṣòkòtò búra pé bí ebi bá ń pa òun, òun ò ní fọwọ́ kan ẹnì kan nínú orúkọ yẹn. Bàbá Alọṣọ yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà.

Èmi mọ̀ pé kì í ṣe tàkúté. Ọkùnrin náà kọ ọ́ tóbi torí kó lè rí i kà ni. A ká a padà sí mẹ́jọ, a sì tì í bọ inú súùtù.

A jẹun ọ̀sán tán, a jókòó yí tábìlì ìgéṣọ ká. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé ènìyàn rere ni mí: orúkọ Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo àga mi lẹ́bàá fèrèsé. Mo wo Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, ó sì ń fi èékánná ya etí tábìlì. Mo ní, “Gogoro.” Gogoro ni atamátàsé tó lókìkí jù lọ. Mo sọ fún ara mi pé n óò ṣì nà án, pé ẹyọ kan péré ni mo fi ta á lọ́rẹ.

Oníṣòkòtò mú tiẹ̀, Bàbá Alọṣọ mú tiẹ̀. Ó kan Ẹ̀gbọ́n. Ó mí sínú, ó sì pe Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì àti aṣọ́lé kan pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lẹ́nu ẹ̀. Bí a ṣe ń yí po nìyẹn, àwọn tó kù ń sá fún orúkọ inú ìwé, òun ń ṣà wọ́n ní méjì méjì. Mẹ́wàá ló rí mú nínú mọ́kànlá. Adẹ̀yìnmú kan ló kù, èmi sì yára gbé e, torí oore náà láàlà.

Ojú Oníṣòkòtò yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àṣé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé a máa rí ìwé náà, pé ó mọ̀ pé a máa rò pé tàkúté ni, pé ìdí nìyẹn tó fi kọ ọ́ tóbi. Ó ní ọkùnrin yẹn ò ṣeé bá jókòó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

N ò ní fi ìtàn sáà yẹn da yín láàmú. Gogoro ń gbá góòlù wọlé, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó bá gbá mẹ́ta, á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sinmi. Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ò sinmi. Pẹnáritì lónìí, kọ́nà lọ́la. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n fi póìntì mẹ́rin borí mi. Ní Mọ́ńdè, ó wọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ lọ sẹ́bàá fèrèsé, èmi sì bọ́ sí orí àtẹ̀gùn lọ sunkún, mi ò lè purọ́ fún yín. Àánú kì í dùn bí ó bá ti di àga ẹni.

Ọjọ́ kẹta ló pè mí. Ó ti kó àwọn súùtù tí oníbàárà ò tíì wá gbà sórí ẹsẹ̀, ó ń yí wọn síta yí wọn sínú lábẹ́ ìmọ́lẹ̀.

“Ẹlẹ́nu,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “ta ló rán kọ́là yìí?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni.”

“Irọ́ ni. Èmi kì í rán wẹ́wẹ́ báyìí. Ìwọ ni mo kọ́ pé kó o máa rán wẹ́wẹ́ báyìí.”

Òótọ́ ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti máa ń dé ṣáájú gbogbo wọn láàárọ̀, tí mo ń tú èyí tó bá wọ́, tí mo ń tún un rán kí Màdáámú tó rí i. Ẹ̀gbọ́n ò gbé ohùn sókè. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá bi mí bóyá mo rí ìwé òun. Mo ní gbogbo wa la rí i, pé àwọn tó kù rò pé tàkúté ni.

“Ìwọ ńkọ́?”

Mo ní, “Mo mọ̀ pé kì í ṣe tàkúté.”

Mo ń retí kó dúpẹ́. Ọkùnrin náà bínú bí mi ò ṣe rí i kó bínú rí. Ó dìde, ó mú ẹ̀wù ẹ̀, ó lọ sílé ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Kò yọjú títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.

Ní Mọ́ńdè, ó wọlé pẹ̀lú awò ojú. Awò náà nípọn, ojú ẹ̀ sì wú bàǹbà lẹ́yìn ẹ̀. Oníṣòkòtò dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀gbọ́n lọ tààrà sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó sì sọ fún Màdáámú, gbogbo wa sì ń gbọ́, pé ojú òun ti ń ṣú láti ọjọ́ pípẹ́, pé èmi ni mo ń tún iṣẹ́ òun ṣe. Màdáámú ní kó rán kọ́là kan lójú àwọn. Ó rán an. Wọ́n gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n dá a padà fún un, wọ́n sì wọlé lọ, wọn ò mẹ́nu kan áyọ́ọ̀nù rárá. Bàbá Alọṣọ, tí áyọ́ọ̀nù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ mọ́ lọ́wọ́, yíjú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n wá wọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ padà sí igun tó ṣókùnkùn. Ó na ọwọ́ sí àga fún mi.

“Jókòó síbẹ̀. N kì í gba ọrẹ nídìí bọ́ọ̀lù. Sáà tó ń bọ̀, bí o bá tún mọ̀ọ́mọ̀ fi agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi, èmi pẹ̀lú rẹ parí nìyẹn.”

Mo jókòó. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bo ọkùnrin yìí láṣìírí, mi ò sì bi í léèrè lọ́jọ́ kan rí bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.