Àwòrán Tábìlì Tí Bàbá Mi Fà Ya

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí gbogbo wa ń gbé yàrá méjì ní Ìdímù, ilé wa kì í gba èrò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì. Àwọn ará ìlú rẹ̀ a yà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a máa rẹ́rìn-ín títí oòrùn a fi rọ̀.

Bí wọ́n bá ti lọ, èmi ni mo máa ń palẹ̀ tábìlì mọ́, ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin kì í jẹ́ kí n tètè ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó o.” Ó fẹ́ kọ́kọ́ ya ohun tó wà lórí tábìlì sínú ìwé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ wá wo ohun tó ń yà! Ìgò mínírà á fẹ̀yìn ti jọ́ọ̀gì omi bí ẹni tó mutí yó, agolo bisikíìtì á wé gèlè. Kò sí èèyàn kankan nínú ẹ̀, síbẹ̀ ẹ óò mọ ẹni tó jókòó síbi kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, kí àwọn àlejò tó lọ, ó ya ife tíì bàbá mi tó la ẹnu gbàgàdà, tó ń pàṣẹ fáwọn ife yòókù. Bàbá mi wà níta nígbà tí àwọn àlejò rí i, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rántí pé èmi gbé ipò kìíní ní kíláàsì. Inú bí mi. Bí wọ́n ti lọ tán, mo mú ìwé náà tọ bàbá mi lọ.

“Bàbá, ẹ̀yin ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ o.”

Bàbá mi fà á ya, ó sì pe àbúrò mi. “Ṣé àwòrán lo máa jẹ?” Ó kó gbogbo ìyókù jáde lábẹ́ ibùsùn, ó dáná sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Àbúrò mi ò sunkún. Kò sì yàwòrán mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi mú mi lọ síbi tí wọ́n ti pàtẹ àwòrán ní Ẹgbẹ́dá. Mo rí àwòrán tábìlì kan lára ògiri, tí abọ́ àti ìgò ń bá ara wọn ṣàwàdà lórí ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí i ká ní ó rán àwọn létí ilé. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù ní Baruwa, mo sọ ohun tí mo rí.

“Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Èmi ni mo fẹjọ́ ẹ sùn.”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Mo rí yín láti ojú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi, omi mi ń hó lórí iná. Ẹ jẹ́ kí n lọ.”

A kì í ya ilé ara wa mọ́ báyìí. Ìkíni orí fóònù ti tó kálukú. Bẹ́ẹ̀ àwọn òbí òde òní ló ń fọwọ́ ara wọn mú ọmọ lọ kọ́ àwòrán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ń ra ọ̀dà fún un. Ayé ti yí padà, jàre. Kò kàn tètè yí tó fún àbúrò mi ni.